Odi-Ìlú Ra Bàtà fún Àwọn Ọmọ Ogun

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé wa ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí gbogbo bárékè mọ̀ sí Ìyá Sítọ́ọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó wọlé, kò tíì kí wa tán tó fi jókòó, ó sì yọ bàtà ológun tuntun méjì jáde nínú àpò rẹ̀. Ó gbé wọn síwájú bàbá mi.

"Ọkọ wa, ẹ bá mi wọ̀ wọ́n wò."

Bàbá mi wọ ọ̀kan, ó bá a mu rẹ́gí. Ó ki ẹsẹ̀ kejì bọ èkejì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bọ́ ọ, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni méjèèjì."

"Ẹ ṣeun. Mo ti rò pé ojú mi ló ń dà mí láàmú. Irú wọn ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ló wà nílé ìpamọ́ ẹrù. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i lọ́la pé wọ́n pé, pé wọ́n dára."

Ìyá Sítọ́ọ̀ kì í ṣe ológun. Òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ni, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣọ́ ilé ìpamọ́ ẹrù àwọn ológun fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, yóò sì fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà. Bó bá fọwọ́ sí irọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, ẹ̀wọ̀n ni. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn á lé e, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á sì di àlá. Ní ẹ̀gbẹ́ ìyẹn, ẹgbẹ̀ta ọmọ ogun ń bẹ tí wọ́n máa gbéra lọ sí ẹnu ààlà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, tí bàtà àtijọ́ wọn ti lanu sílẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa.

Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rí, awakọ̀ mínísítà ló rí i, ó sì sọ ọ́ fún un. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí.

Mínísítà ètò ààbò wa nígbà náà sanra lára, ó sì tún sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ara rẹ̀. Kò ṣe iṣẹ́ ológun rí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òfin gan-an ló ní kí ẹni tí kò gbé ìbọn máa ṣe ọ̀gá ẹni tó gbé e. Ṣùgbọ́n ohun tí mínísítà yìí gbọ́ nínú òfin náà ni pé ẹni tí kò gbé ìbọn rí ló mọ ìbọn jù. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò dùn tó létí rẹ̀, nítorí náà ó sọ ara rẹ̀ ní Odi-Ìlú, ó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, sára ife tíì, àti sára ọ̀rá ọṣẹ ìfọwọ́ rẹ̀.

Ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kí i káàbọ̀. Akọ̀wé Àgbà ló máa ń ṣíwájú wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nàró.

"Odi-Ìlú, òòrùn ti yọ o."

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, sà."

Odi-Ìlú á mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ òótọ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó ṣáájú, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì Odi-Ìlú wú. Ó pọ́n, ó ń dán, ó sì ń ta á débi pé bí aṣọ bá kàn án, á pariwo. Dókítà ní kó dín ẹran àti ọtí kù. Ó dín dókítà kù. Ó ní odi kì í tiro, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ṣèèṣì sọ pé, "Ẹ kú ìrora ẹsẹ̀ òsì, sà." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí ibùdó kan lórí òkè níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ kó máa kọ iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lóòjọ́.

Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé Àgbà kọ ìwé àṣẹ kẹtàdínlógún. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ òsì nínú ilé iṣẹ́ náà, yálà lẹ́nu tàbí nínú ìwé. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọ́fíìsì mínísítà wà lápá òsì béèyàn bá ti wọlé. Ìwé àṣẹ ṣáà ni ìwé àṣẹ, nítorí náà obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àlejò pé, "Ẹ yà sí ọ̀tún, ẹ tún yà sí ọ̀tún, ẹ wá yà sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó bá wọn níbẹ̀." Aṣojú orílẹ̀-èdè kan yà sí ọ̀tún títí ó fi bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, ó bá wọn nu ṣíbí mélòó kan kó tó béèrè ọ̀nà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. A ò tíì dé ibi bàtà.

Ní oṣù kẹwàá, Ọ̀gágun tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun wá sí ìpàdé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìyá Sítọ́ọ̀ ló ti fi ọjọ́ mọ́kànlá wọn ẹsẹ̀ gbogbo àwọn ọmọ ogun tó sì kọ ìwé náà.

"Odi-Ìlú," ni Ọ̀gágun wí, "ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọmọ ogun ló nílò bàtà. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn nìyí, méjì-méjì, ọ̀tún àti..."

Akọ̀wé Àgbà wúkọ́. Ọ̀gágun, tí ọta ìbọn ti kọjá létí rẹ̀ nígbà méjì tí kò sì ṣẹ́jú, gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì.

"Ta ló ń ra bàtà," ni Odi-Ìlú béèrè, "èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Tiwa ni ká sọ ohun tá a nílò, tiyín ni kẹ́ ẹ rà á bó ṣe yẹ, ti ilé aṣòfin ni kí wọ́n bi yín bẹ́ ẹ ṣe rà á."

"O fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́. Ogun mélòó lo ti jà?"

"Méjì, sà."

"Èmi ti jẹ mínísítà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èwo ló pọ̀ jù?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni Odi-Ìlú sọ fún akọ̀wé ìpàdé, "pé Ọ̀gágun gbà."

Akọ̀wé Àgbà gbé ìwé Ìyá Sítọ́ọ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó mú rúlà àti bírò pupa. Ó fa ìlà pa "ọ̀tún àti òsì" rẹ́. Ó wo "méjì-méjì" tó kù, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ka méjì-méjì á rántí pé ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ́ méjì, ẹni tó bá sì rántí méjì kò ní pẹ́ dé orí ìkejì. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó wá sọ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án di ìlọ́po méjì, ó kọ ọ́ pé: bàtà, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ohun tó burú nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ náà mú àwòṣe wá ní oṣù kọkànlá. Bí àwọn oníbàtà ṣe máa ń ṣe, ẹyọ kan ló mú wá, ti ọ̀tún, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i wọ̀. Odi-Ìlú ní òun fúnra òun lòun máa wọ̀ ọ́ níwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì títí dé ilẹ̀. Lábẹ́ aṣọ náà, ẹsẹ̀ òsì Odi-Ìlú dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù bí ọmọ tuntun. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde. Akọ̀wé Àgbà kúnlẹ̀, ó ki bàtà bọ̀ ọ́, ó so okùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé ayọ̀, àbí ti òórùn ìbọ̀sẹ̀, a ò mọ̀.

"Ẹ̀yin ará ìlú," ni Odi-Ìlú bẹ̀rẹ̀, "àwọn kan máa ń fi ẹnu dáàbò bo ìlú. Èmi ń fi ẹsẹ̀ ṣe é. Bí bàtà yìí ti rọ̀ mí lọ́rùn lórí àga yìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò rọ ọmọ ogun lọ́rùn lórí òkè, nínú omi àti nínú ẹrẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ àárín àga àti òkè? Ìgboyà ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gba bírò, ó kọ ọ́ sí abẹ́ bàtà náà pé: Mo ti wọ̀ ọ́. Ó dára. Kí gbogbo rẹ̀ rí bí èyí gẹ́lẹ́.

Agbaṣẹ́ṣe kì í ṣe òmùgọ̀. Ó kọ̀wé béèrè pé, "Ṣé ti ọ̀tún nìkan lẹ fẹ́, àbí ká ṣe ti òsì mọ́ ọn?" Akọ̀wé Àgbà ka ìwé náà, ó pa fèrèsé dé, ó tún un kà. Kò sí bí ó ṣe lè gbé irú ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú mínísítà. Ó dáhùn ní ìlà kan: "Bí àwòṣe gẹ́lẹ́." Agbaṣẹ́ṣe rò ó pé ẹni tó bá ń fi kàlápà kan ṣoṣo, igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀, ṣe bàtà, owó kàlápà kejì á wà lápò rẹ̀. Kò béèrè mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta, ni tírélà mẹ́ta já ẹrù náà sílẹ̀. Ìyá Sítọ́ọ̀ tú páálí àkọ́kọ́, ó tú ìkejì, ó tú ìkẹta. Nígbà tó dé orí ìkọkàndínlógún, awakọ̀ tírélà wá dúró tì í.

"Màmá, títí di ìgbà wo lẹ máa tú u?"

"Títí n ó fi rí òsì kan."

"Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn tá a bá dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ìwọ náà rí i nígbà tí ẹ ń kó o?"

"Màmá, ṣé èmi ni mo máa wọ̀ ọ́ ni?"

Ní ọjọ́ Ajé, ìyẹn ọjọ́ kejì tó wá sílé wa, Akọ̀wé Àgbà fúnra rẹ̀ gbé ìwé ìgbẹrù wá bá a. Ó jókòó sórí páálí kan, ó nu ojú.

"Ìyá, ẹ fọwọ́ sí i kí n máa lọ. Bí oṣù yìí bá parí tá a ò ná owó bàtà inú ètò ìṣúná, wọn á gbà á padà, ojú á sì ti Odi-Ìlú."

"Níbo ni ti òsì wà, sà?"

Akọ̀wé Àgbà wo ẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká pè é ní èyí tó kù."

"Níbo ni èyí tó kù wà?"

"Bàtà ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún la kọ, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ló dé. Ẹ má wá ohun tí ẹ ò sọ nù. Mo gbọ́ pé ó ku oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Ó máa ń dunni téèyàn bá rin ìrìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó wá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé."

"Òótọ́ ni, sà. Ẹ gbé bírò wá."

Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, bébà dúdú sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbé e dé ẹ̀dà kẹrin: Mo gba bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Mi ò gba ti òsì kankan. Ó fọwọ́ sí i. Ó ya ẹ̀dà tó jẹ́ ti ilé aṣòfin, bí òfin ṣe wí, ó sì fi í lé òjíṣẹ́ lọ́wọ́ kí Akọ̀wé Àgbà tó ka ìlà kejì tán.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó tún wá sílé wa, ìyá mi sì ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́? Ṣé ẹsẹ̀ tiyín ni?"

"Èmi ni mo wọn àwọn ẹsẹ̀ náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn ló bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níwájú mi. Kí ni mo fẹ́ sọ pé ojú mi ò rí?"

Odi-Ìlú, ní tirẹ̀, ní kò sí ìṣòro. Nígbà tí wọ́n fi ọgbọ́n ṣàlàyé fún un pé àwọn bàtà náà "jọ ara wọn díẹ̀ jù," ó ní ìbáwí ló kù táwọn ọmọ ogun nílò, kì í ṣe bàtà. Ó pàṣẹ pé kí ẹgbẹ̀ta tó ń lọ sí ẹnu ààlà wọ ọ̀tún sí ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n yan níwájú òun ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá. Níwọ̀n bí ìwé àṣẹ kẹtàdínlógún sì ti de gbogbo ilé iṣẹ́ ààbò, sájẹ́ǹtì tó ń pe ìrìn kò lè pè é bó ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀tún, ìkejì. Ọ̀tún, ìkejì."

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí ojú wọn fi ń ṣomi. Ẹsẹ̀ tó bá wọ bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀ á máa wá ibi tí bàtà náà fẹ́ lọ. Ìlà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlà kejì tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ̀ta wá ń rìn kúrò níwájú Odi-Ìlú pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, wọ́n yẹ̀ kọjá òpó àsíá, wọ́n yẹ̀ wọ gọ́tà.

"Níbo ni wọ́n ń lọ?" ni Odi-Ìlú béèrè.

"Wọ́n ń ṣọdẹ ọ̀tá, sà," ni Akọ̀wé Àgbà dáhùn.

"Nínú gọ́tà?"

"Ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ní rò pé wọ́n wà, sà."

Odi-Ìlú pàtẹ́wọ́. Nínú gọ́tà, ọmọ ogun kan ń sọ fún èkejì pé, "Bí a bá dé ẹnu ààlà báyìí, ọ̀tá á rò pé à ń jó." Èkejì ní, "Jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ìwọ ṣáà wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tẹ̀ yìí àbí omi." Ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ̀dà ìwé Ìyá Sítọ́ọ̀ ti dé ọwọ́ alága ìgbìmọ̀ ètò ààbò nílé aṣòfin. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, agbẹ̀bí ni kó tó di aṣòfin, kò sì ní sùúrù fún ẹni tó bá ń fi ohun tó ń ṣe é pamọ́. Ó pe gbogbo wọn ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Ìyá Sítọ́ọ̀ jókòó sẹ́yìn. Odi-Ìlú dé pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́sàn-án, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì lórí ìfẹ́ tí òun ní sí ilẹ̀ wa. Nígbà tó mí, alága bọ́ sí àlàfo náà.

"Ẹ ṣeun, sà. Bàtà òsì ńkọ́?"

Gbogbo àwọn tó bá Odi-Ìlú wá tẹ orí ba. Ó ti tó oṣù méje tí ẹnikẹ́ni ti sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú Odi-Ìlú gbẹ̀yìn.

"Màdáámù, bàtà ni bàtà. Ẹni tó ń ya ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ ń ya ìlú sọ́tọ̀."

"Ó dáa. Ẹ gbé méjì wá nínú èyí tẹ́ ẹ rà. Ẹ̀yin lẹ sọ níwájú ìlú pé ẹ ti wọ̀ ọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ fún wa, ẹ rìn láti ibẹ̀ yẹn wá síbí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ sí owó yín, obìnrin yìí á sì máa lọ sílé."

Ìyá Sítọ́ọ̀ ní ibẹ̀ lọkàn òun ti já, nítorí òun mọ̀ pé ìgbéraga lè gbé ènìyàn rin irú ìyẹn.

Odi-Ìlú na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Akọ̀wé Àgbà kúnlẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un. Ó mú èkejì dání, ó wojú ọ̀gá rẹ̀. Odi-Ìlú wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, tó wà nínú sálúbàtà tí wọ́n fi aṣọ dúdú bò kó lè jọ bàtà. Ó gbé e díẹ̀. Ọwọ́ Akọ̀wé Àgbà kan àtàǹpàkò tó wú náà.

Igbe tí Odi-Ìlú ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn igbe náà, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kékeré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ní:

"Ẹsẹ̀ òsì mi ló ń dùn mí."

Alága bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Bàbá, ṣé ohun tó wà ńbẹ̀ nìyí? Kí ni ìyẹn wá kan bàtà ọmọ ogun?"

Akọ̀wé Àgbà, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ló dáhùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìwé àṣẹ, bírò pupa, lẹ́tà agbaṣẹ́ṣe. Ó ń yára sọ ọ́ bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó dé ibi tó ti pa "méjì-méjì" rẹ́, oníròyìn kan rẹ́rìn-ín jábọ́ lórí àga.

Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ọ̀gágun. "Ẹ̀yin mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wọ̀ ọ́, wọ́n ṣẹ̀jẹ̀."

"Àṣẹ mínísítà ni, màdáámù. Ológun kì í ta ko ìjọba."

"Gbígbọ́ràn sí ìjọba kò ní kẹ́ ẹ gbé òótọ́ mì. Iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ nílò títí wọn á fi gbọ́, bí wọ́n bá sì kọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kọ̀. Olùṣọ́ sítọ́ọ̀ ló bá yín ṣe é." Ó yíjú sí agbaṣẹ́ṣe. "Ìwọ náà, a ò tíì rí ìlú tí wọ́n ti ń bí ènìyàn lẹ́lẹ́sẹ̀ ọ̀tún méjì. Mo sì ti gbẹ̀bí fún ọdún méjìlélógún. Wá kó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án padà, kó o mú òsì ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án wá, owó ara rẹ ni kó o fi ṣe é."

Wọ́n dá ìrìn àjò àwọn ẹgbẹ̀ta náà dúró. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba kéde pé mínísítà ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí àìlera, èyí tó jẹ́ òótọ́ àkọ́kọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́ náà láti oṣù kẹjọ. Wọ́n gbé Akọ̀wé Àgbà lọ sí ibùdó orí òkè, kó máa ka afẹ́fẹ́; ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé sì padà wálé. Odi-Ìlú lọ sí ọsíbítù ìjọba. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ wo ni?" Ó ní òun ò lè sọ ọ́ níbi tí èrò pọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ jókòó títí tó fi máa lè sọ ọ́. Ó jókòó dé agogo méjì, ó sì sọ ọ́.

Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Ìyá Sítọ́ọ̀, ṣùgbọ́n bàtà òsì kò tètè dé. Oṣù kẹrin lọ, oṣù karùn-ún lọ. Ọjọ́ tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ní àárọ̀, ni tírélà wọlé. Ọ̀gá tuntun ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ á kà á lọ́la. Ó ní rárá. Ó tú gbogbo páálí, ó to òsì ti ọ̀tún ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Àwọn ẹgbẹ̀ta náà tò sílẹ̀, wọ́n ń gba tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí olúkúlùkù rìn dé ẹnu ọ̀nà kó tó padà wá sọ fún òun bó ṣe rí.

Èyí tó gbà á kẹ́yìn rìn lọ, ó rìn padà.

"Ó dáa, Màmá."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Òun náà dáa."

Ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lórí, ó sì wá sílé. Agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́ ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà.